Ilà Ojú Díìsìkì: Bí Mo Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà Mi Láti Dá Díìsìkì Kejì Mọ̀ Nígbà Tí Iná Bá Dé

Iṣẹ́ mi, nínú yàrá kékeré kan ní Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn, ni kí n máa gbé ohùn tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá jẹ́ ọmọ tàbí aya olóògbé, wọ́n sì mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ń gbó, pé ooru àti eruku kò jẹ́ kí tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ pẹ́ láyé. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, màmá kan wá láti Òjé, ọmọkùnrin tó bá wọn ru páálí tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kásẹ́ẹ̀tì 43 ló wà nínú páálí náà, ìjálá àti ìrèmọ̀jé tí ọkọ wọn sun nígbà ayé rẹ̀ ló sì kún inú gbogbo wọn. Màmá gbé ọwọ́ lé páálí náà kí wọ́n tó jẹ́ kí n gbà á, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ nìyí o. Má jẹ́ kó sọnù." Mo ní, "Kò ní sọnù, Màmá." Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, mo rò pé ètò ìpamọ́ tí mo ti ṣe sílẹ̀ tó láti gbé ìlérí náà. Kò tó o.

Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ń lò. Orí SSD (díìsìkì kékeré tó yára) oní-240 GB ni Linux fúnra rẹ̀ àti iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́ wà, hard disk oní-2 TB tí mo rà ní Dùgbẹ̀ sì ni mo ń kó ẹ̀dà iṣẹ́ náà sí. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 kan ṣoṣo, bí mo bá gbà á sílẹ̀ ní 96 kHz àti 24-bit, máa ń tó nǹkan bíi 3 GB, nítorí náà kì í pẹ́ tí iṣẹ́ fi ń kún. Nítorí pé iná máa ń lọ, ó sì máa ń dé nígbà tó bá wù ú, mo ti ṣètò BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ jí nínú kọ̀ǹpútà) pé kó máa tan ara rẹ̀ gbàrà tí iná bá ti padà. Ní aago kan òru, rsync, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, yóò wá kó ẹ̀dà gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ lọ́sàn-án lọ sórí díìsìkì ńlá náà, ní orúkọ root, ọ̀gá tó ní àṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Èmi nìkan ni mo kù nínú ètò yìí, nítorí pé láràárọ̀ ni mo ní láti fi ọwọ́ mi tẹ àwòrán díìsìkì náà lójú kọ̀ǹpútà kí ó tó ṣí sí /media/ise/AKOJO (ise ni orúkọ tí mo fi ń wọlé, AKOJO ni orúkọ díìsìkì náà). Mo máa ń ṣe é bí ẹni tó ń ṣí fèrèsé láàárọ̀, n kò sì kà á sí ohunkóhun.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ lẹ́yìn tí mo ti lọ sùn, ó sì padà kí aago kan tó lù. Kọ̀ǹpútà tan ara rẹ̀ bí mo ṣe pàṣẹ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tẹ díìsìkì náà. Nígbà tí àkókò rsync tó, ó wá ibi tí mo ní kó kó ẹrù sí, kò bá díìsìkì níbẹ̀, ó sì kó gbogbo ẹrù náà sínú fódà lásán kan tó ń jẹ́ AKOJO lórí SSD gan-an. Kò ṣàròyé, kò sì kọ ìkìlọ̀ kankan sílẹ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀ ibi tí wọ́n ní kó dé náà ló dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tẹ díìsìkì bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, Linux rí i pé ẹnì kan ti gba orúkọ AKOJO ní /media/ise, ó sì so díìsìkì náà mọ́ ibòmíràn tó pè ní AKOJO1. Orúkọ tó hàn lábẹ́ àwòrán díìsìkì lójú mi kò yí padà rárá. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi rò pé ẹ̀dà ìjálá Màmá wà lórí díìsìkì méjì, tó sì jẹ́ pé ẹ̀dà méjèèjì wà lórí SSD kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí yóò fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, ìkejì yóò bá a kú ni.

Bí mo ṣe mọ̀ ni pé SSD kún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi, ojú kọ̀ǹpútà ṣú díẹ̀, ó sì tún dá mi padà síbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àyà mi sì ti ń já. Mo tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, mo bọ́ sí ojú dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ, mo kọ `df -h`, mo sì rí 100% ní iwájú SSD. Lẹ́yìn èyí ni mo fi `sudo du -xh --max-depth=2 /` (sudo ló ń fún àṣẹ ní agbára root) wá ibi tí ẹrù ti wúwo, ó sì mú mi lọ tààrà sí /media. Mo fara balẹ̀ fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wé ojúlówó rẹ̀ kí n tó pa ohunkóhun rẹ́. Kò sí fáìlì kankan tó sọnù. Ṣùgbọ́n mo ronú kan ìlérí tí mo ṣe fún Màmá, ara mi sì bù máṣọ.

Àbúrò kan wà ní àdúgbò wa tó ń tọ́jú sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) fún iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Mo ké sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọwọ́ yín kọ́ ló yẹ kó máa so díìsìkì náà. Ẹ kọ ọ́ sínú fstab." Fáìlì kan ni /etc/fstab, lẹ́tà lásán ló wà nínú rẹ̀, láti ìgbà Unix àtijọ́ tí Linux fara wé ni irú rẹ̀ sì ti wà, kí Linus Torvalds tó gbé Linux jáde ní ọdún 1991. Ìlà kan nínú rẹ̀ dúró fún díìsìkì kan: ó ń sọ ẹni tí díìsìkì náà í ṣe, fódà tí a ó so ó mọ́, àti bí a ó ṣe so ó. Ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan, yóò ka fáìlì yìí, yóò sì ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Ìkánjú mi kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò yìí dé òpin. Mo lọ kọ ìlà náà fúnra mi, mo sì pe díìsìkì náà ní /dev/sdb1, nítorí orúkọ tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, oníbàárà kan gbé hard disk tirẹ̀ wá kí n kó orin rẹ̀ sí i, mo kì í bọ kọ̀ǹpútà, iná lọ, iná dé, kọ̀ǹpútà sì kọ̀ láti tan dé ojú iṣẹ́. Ohun tó kọ sójú rẹ̀ ni pé òun ti wọ emergency mode (ipò pàjáwìrì), kí n tẹ Enter kí n wá tún nǹkan ṣe. Díìsìkì oníbàárà ló ti gba orúkọ sdb, tèmi ti di sdc, Linux sì ń gbìyànjú láti ṣí díìsìkì àlejò bíi pé tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Bí a ṣe ń sọ ìbejì lórúkọ ni Linux ń sọ díìsìkì lórúkọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ni Táíwò, ẹni tó bá tẹ̀ lé e ni Kẹ́hìndé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń bí ìbejì, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tan ni a tún ń bí àwọn díìsìkì lákọ̀tun. Èyí tó jẹ́ Táíwò lánàá lè di Kẹ́hìndé lónìí nítorí pé okùn kan yí ipò padà tàbí nítorí pé díìsìkì kan jí ṣáájú èkejì. Ẹni tó bá fi sda àti sdb kọ fstab ti fi ẹrù rẹ̀ rán ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ jáde lójúlé.

Ohun tí díìsìkì ní tí kì í yí padà ni UUID, àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀ nìkan, mo sì máa ń pè é ní ilà ojú rẹ̀. Nígbà tí a bá ṣètò díìsìkì fún ìlò (format) ni a máa ń kọ ilà yìí sí i lára, inú díìsìkì ló sì wà, kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé díìsìkì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní Sángo, ilà kan náà ni wọn yóò bá lójú rẹ̀. Irú ètò tí a fi ń to fáìlì sórí díìsìkì ló ń sọ bí ilà náà ṣe gùn tó: ti ext4, tó jẹ́ ti Linux, jẹ́ àmì 32 tí dáàṣì mẹ́rin pín sí ọ̀nà márùn-ún, ti NTFS, tó jẹ́ ti Windows, jẹ́ àmì 16 tí kò ní dáàṣì, ti exFAT sì kúrú ju ìyẹn lọ, mẹ́jọ péré. Bí a bá tún díìsìkì náà ṣètò láti ìbẹ̀rẹ̀, ilà àtijọ́ ti parẹ́ nìyẹn, òmíràn ni yóò ní, a ó sì ní láti tún fstab kọ. Àṣẹ tó ń fi ilà yìí hàn ni:

lsblk -f

Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí irú ètò tó wà lórí díìsìkì kọ̀ọ̀kan àti UUID rẹ̀. Bí ẹ bá kọ `lsblk` nìkan, ẹ ó rí ìwọ̀n wọn, ẹ má sì jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́ pé 2 TB tí ẹ rà ń jẹ́ 1.8T: olùṣe díìsìkì ń fi ẹgbẹ̀rún ṣírò, kọ̀ǹpútà ń fi 1024 ṣírò, kò sí ẹni tó rẹ́ yín jẹ. Bákan náà, ext4 máa ń ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún root. Ìyẹn dára fún díìsìkì tí ètò Linux wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí díìsìkì ìpamọ́ oní-2 TB, nǹkan bíi 100 GB ló ń ṣòfò. `sudo tune2fs -m 1` pẹ̀lú orúkọ tí díìsìkì ń jẹ́ lọ́jọ́ náà yóò dín in kù sí ìdá kan.

Ìlà tí ó wà nínú fstab mi báyìí nìyí (mo ti pààrọ̀ àwọn àmì UUID rẹ̀):

UUID=3f6c1e52-8a4d-4b7e-9c10-5d2e7a90b1f4 /mnt/akojo ext4 defaults,noatime,nofail,x-systemd.device-timeout=15s 0 2

Apá mẹ́fà ni. Àkọ́kọ́ ni ilà ojú. Ìkejì ni fódà tí mo fi `sudo mkdir /mnt/akojo` dá sílẹ̀ ṣáájú. Bí orúkọ fódà bá ní àlàfo nínú, \040 ni a ń kọ dípò àlàfo náà, ṣùgbọ́n ó sàn kí a má fi àlàfo sí i rárá. Ìkẹta ni irú ètò tó wà lórí díìsìkì. Òdo tó wà ní ipò karùn-ún jẹ́ ti irinṣẹ́ àtijọ́ tí n kò lò, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Eéjì tó gbẹ̀yìn ń sọ pé kí Linux yẹ díìsìkì náà wò lẹ́yìn tó bá ti yẹ èyí tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ wò tán, èyí tó ṣe pàtàkì gan-an níbi tí iná ti ń já díìsìkì gbà lẹ́nu iṣẹ́.

Apá kẹrin ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí `noatime` ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí Linux máa kọ àkókò sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ka fáìlì. Ṣùgbọ́n `nofail` ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mú lọ́wọ́. Láìsí i, Linux gbà pé díìsìkì tó wà nínú fstab jẹ́ dandan, pé kò yẹ kí òun tan láìsí i; systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ nígbà tí Linux bá ń tan, yóò dúró dè é fún ìṣẹ́jú-àáyá 90, bí kò bá sì dé, emergency mode ló kàn. Pẹ̀lú `nofail`, kọ̀ǹpútà yóò tan bó bá wà, yóò sì tan bí kò bá sí. Èyí tó tẹ̀ lé e dín ìdúródè náà kù sí ìṣẹ́jú-àáyá 15. Díìsìkì mi máa ń jí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, nítorí náà 15 tó o.

Bí ètò Windows ló bá wà lórí díìsìkì yín, bó ṣe sábà máa ń wà lórí èyí tí a rà lọ́jà, ẹ lè so ó bẹ́ẹ̀ náà: láti ìgbà tí kernel (kókó inú Linux) 5.15 ti jáde ní ọdún 2021 ni Linux ti ní ntfs3, tó ń ka NTFS, nínú ara rẹ̀, ntfs-3g tó ti wà tipẹ́ sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi `uid=1000,gid=1000` kún apá kẹrin kí fáìlì lè jẹ́ tiyín, kí ẹ sì fi òdo sí ìparí. Bí Windows náà bá ń lo díìsìkì yẹn, ẹ pa Fast Startup rẹ̀, nítorí pé kì í pa díìsìkì dé tán, Linux yóò sì kọ̀ láti kọ nǹkan sí i. Fún ìpamọ́ gidi, ext4 ni mo fara mọ́.

Lẹ́yìn tí mo bá kọ ìlà náà, n kì í tún kọ̀ǹpútà tan láti mọ̀ bóyá ó dára. Mo ti ṣe ẹ̀dà fstab kí n tó fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú `sudo cp /etc/fstab /etc/fstab.bak`, lẹ́yìn náà ni mo ń kọ àṣẹ mẹ́ta yìí:

sudo findmnt --verify
sudo systemctl daemon-reload
sudo mount -a

Àkọ́kọ́ yóò ka fstab, yóò sì sọ ibi tí mo ti ṣì í kọ. Ìkejì ń jẹ́ kí systemd mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìkẹta ń so ohun gbogbo tí kò tíì so, bí àṣìṣe bá sì wà, ojú mi ni yóò ti hàn, nígbà tí mo ṣì lè tún un ṣe. Bí a bá ti so díìsìkì tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́, root ló ni ín, nítorí náà mo fi `sudo chown ise:ise /mnt/akojo` sọ ọ́ di tèmi. Ẹni tó bá ti bọ́ sínú emergency mode bíi tèmi yóò kọ `mount -o remount,rw /`, yóò fi `nano /etc/fstab` ṣí fáìlì náà, yóò fi àmì # síwájú ìlà tó ń dá wàhálà sílẹ̀, yóò sì kọ `reboot`.

Ó ku ohun kan, òun ló sì dùn mí jù nítorí pé fstab nìkan kò wò ó sàn. Nígbà tí mo fi `nofail` sí i, mo ti gbà pé kọ̀ǹpútà lè tan láìsí díìsìkì. Bó bá tan bẹ́ẹ̀, /mnt/akojo yóò wà níbẹ̀ bíi fódà lásán, rsync yóò sì tún kó ẹrù sínú rẹ̀ bó ti kó o sínú AKOJO. Èyí tilẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé bí díìsìkì bá padà tí a so ó mọ́ fódà náà, yóò bo gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní ṣe ń bo ilẹ̀. `df` yóò sọ pé SSD kún, `du` kò sì ní rí ohun tó kún un. Ẹni tó bá fura sí irú èyí lè wo abẹ́ ẹní náà báyìí:

sudo mkdir /mnt/wo
sudo mount --bind / /mnt/wo
sudo ls /mnt/wo/mnt/akojo

Bí ohunkóhun bá jáde ní ìlà tó gbẹ̀yìn, lórí SSD ló wà.

Àbúrò mi yìí ló kọ́ mi bí a ṣe ń dènà rẹ̀. A yọ díìsìkì kúrò lórí fódà náà pẹ̀lú `sudo umount /mnt/akojo`, nígbà tí fódà sì ṣófo, tó wà ní òun nìkan, a kọ `sudo chattr +i /mnt/akojo`. Láti ìgbà náà, root pàápàá kò lè dá fáìlì kankan sínú fódà lásán yẹn, àfi bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìdè náà. Bí a bá sì so díìsìkì padà, fódà orí díìsìkì ló hàn, ìyẹn kò ní ìdè kankan, iṣẹ́ ń lọ. Mo tún fi ìṣọ́ kejì sí ẹnu ọ̀nà rsync fúnra rẹ̀:

mountpoint -q /mnt/akojo && rsync -a /home/ise/kaseeti/ /mnt/akojo/kaseeti/

Bí díìsìkì kò bá sí, àṣẹ àkọ́kọ́ yóò kọ̀, ìkejì kò sì ní bẹ̀rẹ̀. Ní òru tí kò bá sí ibi tí a lè kó ẹ̀dà sí, mo fẹ́ kí a má kó o rárá, kí n sì mọ̀ láàárọ̀ pé a kò kó o.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, a dán gbogbo rẹ̀ wò. A pa kọ̀ǹpútà, mo yọ okùn díìsìkì, a tan án. Mo ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lórí fóònù mi. Kọ̀ǹpútà tan dé ojú iṣẹ́. Mo kọ `sudo touch /mnt/akojo/dan`, ó sì dá mi lóhùn pé "Operation not permitted". A tún pa á, mo dá okùn díìsìkì padà, mo ki díìsìkì mìíràn bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè jọ du orúkọ, a tan án. Tèmi ti di sdc lóòótọ́. `findmnt /mnt/akojo` sì fi hàn pé òun náà ni wọ́n so mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti mọ ojú rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni Màmá yà wá gbọ́ èyí tí mo ti ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi sí i. Kí ìjálá tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ wọn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èmi ló ń bá wí yẹn. Èmi ni mo gbé omi náà wá." Iná lọ ní òru ọjọ́ yẹn, ó sì padà lẹ́yìn aago méjìlá. Nígbà tí mo jí, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣí ni àkọsílẹ̀ rsync. Aago kan òru ló bẹ̀rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kẹrìndínlọ́gbọ̀n sì ti wà lórí díìsìkì ńlá. Ó ku mẹ́tàdínlógún nínú páálí.